Má Fọwọ́ Kan Fìríìjì

Ọmọ mi, mo ti pa súwíìṣì ńlá ẹnu ọ̀nà. Má tàn án o. Má fọwọ́ kan fìríìjì, má sì lọ aṣọ kankan títí màá fi dé.

Má bínú pé mo jágbe mọ́ ẹ lánàá, nígbà tí o bi mí pé ibo ni wáyà ilẹ̀ ilé wa wọlẹ̀ sí. Mo ní ṣé oṣù mẹ́ta níléèwé iṣẹ́ iná lo fi fẹ́ wá kọ́ mi ní iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ẹ. Láàárọ̀ yìí, mo tú gbogbo ojú iná wa wò. Wáyà tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ ò délẹ̀ rárá. Èmi ni mo gé e sẹ́yìn ògiri, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, torí iná ń tàn láìsí i. Tí ìyá ẹ bá ní iná fìríìjì ń gbé òun lọ́wọ́, bàtà ni mo máa ń ní kó wọ̀.

Bí mo ṣe ṣe tiwa ni mo ṣe ti gbogbo àdúgbò. Mo ti jáde lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò wọ́n.

Ilé télọ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. O rántí ìyàwó ẹ̀ tí iná pa nídìí áyọ́ọ̀nù. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá wo iná ọ̀hún. Mo wò ó, mo ní obìnrin náà ló fọwọ́ tó lómi di áyọ́ọ̀nù mú.

Ọkọ ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.