Ẹ Tẹ Oókan Bí Ara Yín Bá Le

Salto,
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Zulma,

Mo kí yín láti etí odò. Mo kí ọmọ yín obìnrin àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí ọmọ-ọmọ yín tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fi wá sílẹ̀ lọ sí Montevideo. Kí òtútù ọdún yìí má rí yín gbé ṣe, kí orúnkún yín má dùn yín, kí oorun máa dùn mọ́ yín lójú. Àmọ́ ẹ ò ní rí i nínú lẹ́tà yìí kí n béèrè bóyá ara yín le. Kì í ṣe pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi sùúrù kà á, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá. Ẹ ní ọmọbìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ọkọ ọmọ yín ti fẹ́ lọ, pé tí mo bá dáhùn kí oṣù yìí tó parí, iṣẹ́ náà ti di tèmi. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ní ohun tó dára níbẹ̀ ni pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á tilẹ̀kùn, àìsàn ẹni ẹlẹ́ni ò sì ní tẹ̀ lé èèyàn délé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Kí n má parọ́ fún yín, ọjọ́ tí mo kà á ni mo ti lọ bá Ìyáàfin Rosario, ọ̀gá wa, pé mò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n lọ rò ó dáadáa. Mo ní mo ti rò ó tán.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ àbójútó àwọn arúgbó yìí, torí náà ẹ mọ bó ṣe ń jẹ èèyàn tán díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tèmi ti wá gba ọ̀nà mìíràn yọ. Mi ò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo máa fọ abọ́ tán, màá tún kó o padà sínú omi. Tí mo bá jókòó ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì títí ọkọ mi, Ruben, á fi gbé ọwọ́ lé orúnkún mi bí ẹni tó ń tu ẹṣin nínú. Á ní, "Nidia, ta ló ń lé ẹ ná?" Mi ò mọ ẹni tó ń lé mi. Mo ṣáà mọ̀ pé mò ń sá.

Ẹ̀rọ kan wà tí ẹ ò bá ní ọ́fíìsì. Nígbà ooru tó kọjá ni wọ́n gbé e dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pe gbogbo àwọn arúgbó tó ń dá gbé lórí fóònù láràárọ̀, kó béèrè àlàáfíà wọn. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Facundo ló kó o wá láti olú-ìlú. Ọmọ dáadáa ni, ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ já sílẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ náà nílò ohùn, pé yóò dáa tó bá jẹ́ ohùn ẹni tí àwọn arúgbó mọ̀. Gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Bí mo ṣe wọ yàrá tí a ń kó ìgbálẹ̀ sí nìyẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu, tí mo kà á sínú ẹ̀rọ pé: "Ẹ káàárọ̀ o. Nidia rèé, láti ọ́fíìsì ìgbáyé-gbádùn. Ṣé ara yín le? Bí ara yín bá le, ẹ tẹ oókan. Bí ẹ bá ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ẹ tẹ eéjì. Ẹ ṣeun, ó dàbọ̀."

Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá tẹ oókan, orúkọ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá tẹ eéjì á di pupa, àwọn pupa nìkan la sì ń lọ wò nílé. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà fi tutù bí oko lẹ́yìn òjò. Inú Ìyáàfin Rosario dùn. Inú tèmi náà dùn, torí mo rò pé màá ráyè sinmi. Àmọ́ ìgboro kò jẹ́. Àwọn ọmọdé á rí mi lọ́jà ọjọ́ Àìkú, wọ́n á ké lókèèrè pé, "Ẹ tẹ oókan o!" Ìyá kan ká mi mọ́ ibi tí a ti tò láti ra ẹran. Ó ní, "Nidia, ta ló kọ́ ẹ níwà yìí? O máa kí èèyàn, kónítọ̀hún tó la ẹnu, o ti ní ó dàbọ̀." Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ ni o." Ó ní, "Ẹ̀rọ kọ́, ẹ̀rọ ni. Ṣé ẹ̀rọ ló ń jẹ́ Nidia?" Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, alápatà náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò lè gbàgbé Don Wáshington Etcheverry, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin àtijọ́, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ di ọsàn sínú àpótí fún àwọn olóko. Ẹ̀yin àti èmi la jọ lọ síbi ìsìnkú Élida, ìyàwó rẹ̀. Ẹnu bàbá yẹn ò dáa, ọwọ́ rẹ̀ ló dáa. Tí òjò bá ti ṣú, kò sẹ́ni tó ń yára gbé ọ̀rá kaná bíi tirẹ̀, torta frita, ìyẹ̀fun díndín ọjọ́ òjò, tó bá dín á sì kárí àdúgbò. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, àwọ̀ ewé ni orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Torí náà, kò sẹ́ni tó lọ wò ó nínú wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá, òjò ń rọ̀. Mo dé ọ́fíìsì, mo bọ́ kóòtù, mo jókòó, mo dìde, mo tún gbé kóòtù wọ̀. Mi ò níbì kan pàtó tí mò ń lọ, mo kàn ń rìn lójú òjò ni. Ẹ mọ bí ìlú wa ṣe máa ń rí lọ́jọ́ òjò, gbogbo fèrèsé ló ń ta sánsán ìyẹ̀fun tó ń dín nínú ọ̀rá. Mo kọjá níwájú ilé Don Wáshington, imú mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti rìn síwájú díẹ̀ kí n tó dúró. Mo ní, òjò ń rọ̀, bàbá yìí ò dín nǹkan kan? Mo padà lọ kan ilẹ̀kùn.

Bàbá ké láti inú ilé pé kí n tì í wọlé, pé òun ò fi àgádágodo tì í. Ilé ìdáná rẹ̀ tutù ju ìta lọ. Ó jókòó sórí àga, ó fi aṣọ òtútù bo ẹsẹ̀, igbá ewé mate tó máa ń mu wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ ti tutù bíi yìnyín. Òórùn kan wà nínú ilé náà tí mi ò ní kọ síbí. Ó ní, "Àṣé o ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti tì ẹ́ mọ́nú fóònù ni." Kí n tó fèsì, fóònù rẹ̀ dún. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n ní sùúrù: "Jẹ́ kí n dá ọmọ yẹn lóhùn ná, kó má lọ máa dààmú." Ohùn mi ló jáde níbẹ̀. Mo dúró níwájú bàbá náà, omi òjò ń kán lára mi, mò ń gbọ́ bí mo ṣe ń bi í bóyá ara rẹ̀ le. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó tẹ oókan.

Mo ká aṣọ yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, àtàǹpàkò ti dúdú, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Àtọ̀gbẹ rẹ̀ àtijọ́ ló gbé e débẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn bí ẹni pé èmi ni mo bí i: "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tẹ eéjì?" Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, tí wọ́n bá kí ẹ láàárọ̀ pé ṣé dáadáa lo jí, ṣé egbò lo máa ń ṣí hàn wọ́n? Dáadáa ni, a dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn." Mo ní ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, orí mi ò dàrú. Àmọ́ ohùn ta ló wà níbẹ̀? Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni. Gbogbo wa tá a wà lọ́nà ojú irin yìí la gbọ́ ọ. A jọ sọ ọ́ pé ó ti rẹ ọmọ yẹn tẹnutẹnu, ẹ má jẹ́ ká dá kún un."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná yẹn, mo sunkún. Gbogbo àwọ̀ ewé tí à ń yọ̀ lé lórí, àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Mo rò pé èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Àwọn ló ń tọ́jú mi, wọ́n sì fẹ́ kú sórí ẹ̀. Don Wáshington ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Áńbúláǹsì gbé e lọ. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹsẹ̀ yẹn ì bá lọ. Fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, n kì í fọ abọ́ tán kí n tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Níkẹyìn, wọ́n gé àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà lórí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ó ní bàtà á ti wá gba òun dáadáa báyìí.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo kan ilẹ̀kùn gbogbo àwọn aláwọ̀ ewé tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Doña Nélida ò ríran mọ́, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tí oókan wà lára fóònù. Ìyá tó bá mi wí níbi ẹran ń wọ kóòtù sùn, torí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Gbogbo wọn ló ní dáadáa ni, a dúpẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé.

Mo lọ bá Ìyáàfin Rosario pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn. Ó ní wọn ò lè pa á, pé a ò tó èèyàn láti máa kan gbogbo ilẹ̀kùn, òótọ́ ló sì sọ. Facundo wà níbẹ̀, ó ń jẹ èékánná. Ó ní, "Aǹtí Nidia, mo ṣe é kó lè bá yín gbé ẹrù ni o." Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó yí ìbéèrè padà. Kó má bi wọ́n bóyá ara le mọ́, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sè lónìí. Lẹ́yìn náà kó dákẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu wọn, kó bá mi fi ohùn wọn pamọ́. Ó ní, "Àwọ̀ wo wá ni ẹ̀rọ máa fún ẹni tó ń ro polenta àgbàdo?" Mo ní, "Má fún un láwọ̀ kankan. Èmi ni màá gbọ́ ọ." Ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó sì fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. Mo tún ohùn mi kà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹun kí n tó wọ yàrá ìgbálẹ̀.

Láràárọ̀ báyìí, mo máa ń bu omi gbígbóná sí mate mi, màá sì gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan máa ń bú mi pé kí ló kàn mí nínú ìkòkò òun. Òmíràn máa ń ṣàlàyé ọbẹ̀ ẹ̀wà láti orí ṣíṣà á. Ẹni tó bá ní ohun tó ṣẹ́kù lánàá lòun máa jẹ, tó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, tó tún sọ bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-únla, mo mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣẹ́kù, ibẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń sunkún ò ní sọ pé òun ń sunkún, á ní àlùbọ́sà lòun ń gé. Ruben ní òun gbọ́ tí mò ń dá rẹ́rìn-ín nídìí fóònù.

Ẹ má rò pé ara mi ti balẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní ká dán an wò títí òtútù á fi lọ, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè ní ká dá àwọ̀ padà, mi ò sì mọ̀ bóyá agbára mi á gbé e débẹ̀. Àmọ́ tẹ́lẹ̀, mò ń sá láìmọ ẹni tó ń lé mi. Báyìí, tí mo bá ń sáré, mo mọ ilé ẹni tí mò ń sáré lọ. Ẹ bá mi dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ọkọ ọmọ yín, ẹ ní kó fi ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti sọ fún Ìyáàfin Rosario pé n kò lọ mọ́. Ó ní òun ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jẹun ọmọ-ọmọ, ohun tẹ́ ẹ gbìn sára wa níbí ò ní hù ní ẹ̀gún.

Èmi ni àbúrò yín tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́,

Nidia Bentancor.

Mo tún rántí: Mo tún lẹ́tà yín kà lánàá. Ẹ ní dáadáa lẹ wà. Nísàlẹ̀, ẹ tún ní a dúpẹ́, kò sí ìyọnu. Lẹ́bàá orúkọ yín, ẹ tún kọ ọ́ pé kí n má dààmú, pé ara yín le. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ oókan fún èmi. Kí lẹ sè lónìí?