Ọkọ̀ Àlàkẹ́ àti Afẹ́fẹ́ Wilhelmsburg

Mọ́ńdè, 12 Máàṣì 2018

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Èmi Sùrájù tí wọ́n ní mi ò parí ilé ìwé, èmi náà ni mo lu àwọn Faransé bí ẹni lu bàrà lánàá. Eré ẹgbẹ́ wa ni o; orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn wa ní Tempelhof la ti ń jà á — ọkọ̀ onígi kéékèèké, ìgbòkun aláṣọ, dáìsì ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ayé àtijọ́. Julian, olórí ẹgbẹ́ wa, ti fẹnu kò: èmi ni ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí Berlin máa rán lọ Hamburg ní Sátidé.

Gíláàsì fajú ro. Akin ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí awò ojú ẹ̀, ọmọ yunifásítì tí wọ́n bí síbí. Kó fà á ro dáadáa.

Wẹ́sìdeè, 14 Máàṣì

Inú ń bí mi!

Bọ̀dá Bọ̀wálé ló ni ilé tí mò ń gbé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹnjiníà. Òun ló gbẹ́ ọkọ̀ tó tóbi jù lẹ́gbẹ́. Ó fi orúkọ ìyá ẹ̀ sọ ọ́, Àlàkẹ́. Nígbà tí màmá yẹn kú, Aufenthaltstitel, ìwé ìgbélùú ẹ̀, ò tíì jáde, Bọ̀dá ò lè lọ sin ín. Ọkọ̀ ló ń gbẹ́. Àwọn fèrèsé tí àgbá ń gbà yọnu lára ẹ̀, gbogbo wọn ló ń ṣí tó ń tì. Abẹ́rẹ́ ló fi so wọ́n.

Òfin wa sì rèé: ọkọ̀ tí wọ́n bá mú lójú ogun, ẹni tó bá borí ló ń gbé e relé. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Síbẹ̀ ó gbé e fún mi. "Sùrá, o ń gbé ìyá mi lọ o. Gbé e bọ̀." Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wá àyè sórí ṣẹ́ẹ̀fù, ọkọ̀ Faransé ni màá kó bọ̀ fún yín." Ó wá ní Akin máa bá mi lọ, kí n máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Akin! Ta ni ọ̀gágun?

Gíláàsì ní bí afẹ́fẹ́ bá le lẹ́yìn mi, ọkọ̀ mi máa fì sápá ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Kí n má ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀, omi á wọlé. Mo pè é ní ojo.

Tọ́sìdeè, 15 Máàṣì

Fèrèsé, fèrèsé, lórí fóònù. Mo ti block ẹ̀.

Sátidé, 17 Máàṣì

Nínú ICE, ọkọ̀ ojú irin. Àlàkẹ́ wà lórí itan mi, mo fi jákẹ́ẹ̀tì wé e. Gíláàsì ní kí òun bá mi gbé e díẹ̀. Láéláé.

Sọ́ńdè, 18 Máàṣì

Ojóró! Ojóró gidi!

Obìnrin ni ọ̀gágun Faransé wọn ní Wilhelmsburg, ní Hamburg níbẹ̀ o. Ẹ̀bùnọlá, nọ́ọ̀sì, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó wò mí látòkè délẹ̀: "Àbúrò, ìwọ ni Berlin rí rán wá? Ṣé kò sí àgbà nílé ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Mo gba ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá ń tì lẹ́yìn ló ń yan ìgbà tí ìjà máa bẹ̀rẹ̀. Ó ń yin àgbá sí ìgbòkun mi bí àwọn Faransé ṣe máa ń ṣe, èmi ń lu ikùn ọkọ̀ ẹ̀ gbà-gbà. Ọkọ̀ ẹ̀ méjì ti fa àsíá wálẹ̀, wọ́n túúbá fún mi!

Afẹ́fẹ́ wá le. Dáìsì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, Julian tó ń ṣe rẹfirí ní Àlàkẹ́ ti kún fómi, kò lè jà mọ́, Faransé ló borí. Julian! Ọmọ Berlin bíi tèmi!

Ẹ̀bùnọlá gbé e níṣojú mi. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí mà dára o. Ta ló ń jẹ́ Àlàkẹ́?"

Mo ká jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi wé e.

Mọ́ńdè, 19 Máàṣì

Mo sọ fún Bọ̀dá pé Julian ló tà wá. Ó ń wo ṣẹ́ẹ̀fù.

Wẹ́sìdeè, 21 Máàṣì

Bọ̀dá wọ́ mi lọ bá Julian lánàá. Bọ̀dá tí kì í gbé ohùn sókè, ó di Julian ní kọ́là mú! Ó ní àbúrò òun kì í purọ́, òun ò ṣẹgbẹ́ mọ́. Julian ní kí Gíláàsì sọ ohun tó rí. Gíláàsì wò mí. Ó ní gíláàsì òun dọ̀tí lọ́jọ́ náà, òun ò rí nǹkan kan.

Oríburúkú! Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí?

Ó dáa. Kò sí ojóró. Nígbà tí afẹ́fẹ́ le, Ẹ̀bùnọlá ní, "Ọ̀gágun, ẹ yáa má ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀, kí ìdí yín má lọ tutù." Gíláàsì gan-an rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fi àgbá ńlá ìsàlẹ̀ parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè panu mọ́. Àwọn fèrèsé tí Bọ̀dá fi abẹ́rẹ́ so yẹn, èékánná mi ni mo fi ṣí wọn. Gíláàsì di ọwọ́ mi mú.

Mo já a gbà. Mo ṣí èyí tó kù.