Orúkọ Rẹ Nínú Ìwé Lọ́yà

Tófúnmi, àbúrò mi tí mo ń pè lọ́mọ,

Ọ̀rọ̀ tí Benedict awakọ̀ gbé wá bá ọ ní Èkó kì í ṣe òótọ́. Mi ò yọ ọ́ kúrò nínú ẹbí. Kà á tán kí o tó bínú. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa á máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Àwa náà wà ní Atosin, kòkó ti ń pọ́n, Faith ti ń ka Á-bí-dí, Gbọ́tèmi ọmọ ọwọ́ ti hu eyín mẹ́rin.

Láti ìgbà tí Àrìnkẹ́ ìyàwó mi ti kú ni wòlíì ìjọ wa ti ń sọ fún mi pé kí n lọ kọ ẹni tí yóò tọ́ àwọn ọmọ bí n kò bá sí mọ́. Mo lọ bá lọ́yà kan ní Owena, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi alágbàtọ́, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà. Mo rò pé ìwé ló wọ́n wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ẹni tó dúró tì mí: Matthias ará ilé kejì tó bá mi ká kòkó láìgba kọ́bọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń fún Gbọ́tèmi lọ́mú pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, àwọn ìyá ìjọ tó ń pọnmi, tíṣà Faith. Ẹ̀yìn ìwé náà kún, mo wá dáwọ́ kíkà wọn dúró, wọ́n pọ̀ jù, Ọlọ́run ṣeun. Bí ìsọmọlórúkọ ni mo ṣe rò ó, níbi tí a kì í ti í sọ fún ẹnikẹ́ni pé orúkọ ti pọ̀ tó.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi tọ́ ni, àbí ìjọ ni mo fẹ́ dá sílẹ̀. Ó ní ta ni Tófúnmi tí mo kọ ṣáájú níbi orúkọ àwọn ọmọ. Mo ní àkọ́bí mi ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó ní àgbàlagbà kì í ní alágbàtọ́. Mo bi í pé bí mo bá kú, ta ni yóò máa pè é láràárọ̀ láti béèrè bóyá ó ti jẹun?

Ó ní ìwọ gan-an ló yẹ kí n kọ sí ìlà alágbàtọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fa igi lé orúkọ rẹ láàrin àwọn ọmọ. Mo kọ̀. Ibi tí a ti ń jiyàn ni Benedict, tó fi mọ́tò gbé mi lọ, ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n yọ Tófúnmi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lo wà nígbà tí ìyá wa fi ọ́ lé mi lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ò lè fa igi yẹn. Síbẹ̀ ìwọ ni mo fẹ́ kí o gba àwọn ọmọ yìí, torí kò sí ẹni tó mọ bí mo ṣe ń tọ́mọ tó ìwọ tí mo tọ́. Bí ó bá wúwo fún ọ, sọ, Matthias ti gbà, mi ò ní bínú.

Mú fọ́tò pélébé méjì dání, àti owó fọ́ọ̀mù mìíràn, torí mo ti ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Olúwa tó fi ọ́ jíǹkí mi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bàbá yóò dá ọ lọ́lá. Bí o bá gbà, wálé lọ́jọ́ Ẹtì, kí o fi ọwọ́ ara rẹ fa igi náà sórí ìwé àkọ́kọ́ kí a tó kọ tuntun. Èmi á kọjú sí ojú fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Olúwagbénga