Ajá Rò Pé Òkúta Ló Fẹ́ Ṣà

Ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọkọ mi kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, èyí tó sunkún tẹ̀lé mi nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn ni kí o kọ́kọ́ bá mi kí. Iṣẹ́ kò ní pa ọ́. Ẹsẹ̀ tí o bá gbé jáde nílé ni wàá gbé wọlé. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kò dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ burúkú kò ní kí á má kíra wa, ìdí nìyẹn tí mo fi kí ọ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní ìsàlẹ̀ òpópónà ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, ìwé kejì tí mo kà tó mi í fi bá ọmọ tí mo bí sọ̀rọ̀. Bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, má fi mí rẹ́rìn-ín, tábìlì ló ń mì.

Ìdí tí n kò fi pè ọ́ ni pé fóònù tí o rà fún mi ti yadi. Èmi kọ́ ni mo bà á jẹ́. Nígbà tí ajá ṣe ohun tó ṣe, mo rò ó pé ìwọ lo gbé ajá fún mi, ìwọ náà ló yẹ kí o bá a wí, ni mo bá tẹ nọ́ńbà rẹ, mo gbé fóònù sí i létí kó lè gbọ́ ohùn rẹ. Ó yíjú padà, ó lá a. Ó lá a tinú tẹ̀yìn, láti ìgbà náà ni kò ti fọhùn mọ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní omi ló wọ inú rẹ̀, mo ní itọ́ ni, kì í ṣe omi, ó ní ọ̀kan náà ni. Mo gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ itọ́ àti omi, kí ló fẹ́ mọ̀ nínú fóònù?

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Aránṣọ ọ̀kánkán wa kò kí mi mọ́, bí mo bá jáde síta, á tẹ orí mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́. Gbogbo òpópónà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ akólẹ́tà ló fà á, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ràn wa.

O mọ Ẹ-jẹ́-n-sinmi, ajá tí o gbé wá nínú páálí lọ́dún tí mo ní n kò ní í bá yín gbé ní ìlú ńlá. O ní kó máa ṣọ́ mi. Ó sì ṣọ́ mi, Ọlọ́run gbọ́. Kò sí olè tó dé ẹnu géètì yìí. Ajá aláìnílé kan wọ ẹ̀yìnkùlé wa nígbà kan, ó yọ eyín, ó ń da itọ́, Ẹ-jẹ́-n-sinmi bá a jà títí tó fi sá lọ, ajá aláìnílé náà kàn fi eyín fà á létí ya díẹ̀ ni. Mo fi ẹran sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Mo ní káre, akin.

O mọ akólẹ́tà wa náà, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Alágogo nítorí agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Iwájú géètì ló máa ń dúró sí, á lu agogo, ajá á gbó, á na ìwé sí mi láti òkè géètì, á sì lọ. Gbogbo ìgbà tó bá lọ, ajá á padà wá bá mi, á gbọn ìrù, ó rò pé òun ló lé e. Àwọn pósọ́fíìsì wá ní kí onílé kọ̀ọ̀kan kan àpótí mọ́ géètì kí akólẹ́tà lè máa ju ìwé sínú rẹ̀ láìsúnmọ́ ajá, nítorí pé ajá ti bu ẹnì kan nínú wọn jẹ ní òpópónà kejì. Gbogbo ará ibí kàn án. Mo ní èmi kò kan nǹkan kan. Ṣé ẹyin adìyẹ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi tí n ó máa lọ fọwọ́ wá nínú àpótí láàárọ̀? Ìwé ọmọ, ọwọ́ ẹni tó gbé e wá la ti ń gbà á, ẹni náà á kí ni, a ó dá a lóhùn, a ó béèrè ìyàwó rẹ̀. Wọ́n tún gbé pátákó kan wá, wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé Ẹ ṢỌ́RA, AJÁ WÀ NÍBÍ, pé kí n gbé e kọ́. Bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé yìí, orúkọ rẹ̀ kò sí lára géètì, ajá ni kí n wá kọ síbẹ̀ bí onílé? Mo fi pátákó náà dé àgbá omi. Ó sì bá a mu.

Ní ọjọ́ kan, Alágogo na ìwé owó iná sí mi, ẹsẹ̀ kan lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, bí ẹni ń na oúnjẹ sí ẹlẹ́wọ̀n, ó ní Màmá, ẹ kú àárọ̀ o, ó ti fẹ́ máa lọ. Mo dá a dúró. Mo bi í pé ṣé báyìí ló ṣe ń kí ìyá tó bí i. Ó ní kí n má bínú, pé ajá lòun ń sá fún. Mo ní ajá mi kì í bu ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé jẹ. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ kó ẹ̀rín bò ó. Mo rí i pé ó dùn ún, etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ibi tí a bá ti bá ọmọ wí ni ọgbọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni gbogbo òpópónà ń tún sọ sí mi létí báyìí.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé lẹ́yìn náà, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó ṣí géètì, ó wọlé. Inú mi dùn. Mo tún gèlè mi wé lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ajá dìde, ó ń wò ó, kò gbó. Alágogo dé iwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú lẹ́tà, ó ní lẹ́tà àkọ́bí yín rèé, Màmá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti kí mi. Ọmọ mi, o mọ̀ pé gbogbo ọmọ tó ń kọjá níbí ló ti sọ ajá yẹn lókò rí. Ní ojú tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lásán. Ajá rò pé òkúta ló fẹ́ ṣà. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ló wà nísàlẹ̀, ojú náà ló bù jẹ. Nígbà tó fi ọwọ́ bojú, ó bu ọwọ́ náà jẹ. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ mi dá sí méjì lẹ́yìn ajá kó tó fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rán ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́ kan, ó ní kó máa padà wá gba èyí tó kù. Dókítà ẹran náà dé, ó bi mí bóyá ajá ti gba abẹ́rẹ́ nígbà tí òun ń gún gbogbo ajá òpópónà. Mo ní mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà náà, ajá tó ń jẹun, tó ń sùn, kí ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe? Ó ní kí n so ó mọ́lẹ̀ kí a máa wò ó. Mo ní ajá kì í ṣe fótò, ṣùgbọ́n mo so ó.

Ohun tó dùn mí ni abẹ́rẹ́ ti Alágogo. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ajá dìgbòlugi ni. Mo jókòó, mo rò ó. Bí wọ́n bá ń gún ọmọ yìí ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a jẹ́ pé wọ́n ti dájọ́ nìyẹn, pé ajá tó wà nílé mi ya wèrè, láìgbọ́ tẹnu onílé. Mo mú ìpara tí o rà fún orúnkún mi, mo lọ sílé rẹ̀. Mo ní kó fi pa ojú. Mo ní abẹ́rẹ́ kan tó gbà ti tó, kó má jẹ́ kí wọ́n fi ara rẹ̀ ba ilé mi lórúkọ jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní Màmá, ti nọ́ọ̀sì làwa ó ṣe o. Mo ní ọkọ rẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Alágogo wo ìyàwó, ó wo èmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ìyẹ̀fun àkàrà òyìnbó tí a pò. Ó ní ó dáa, Màmá. Mo ti sọ fún un níwájú àwọn èèyàn rí pé kò ní ẹ̀kọ́, kò fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò padà lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Kò pẹ́ tí ajá fi yí padà. Ó wọ abẹ́ àga, kò jáde. Ó gé ẹsẹ̀ àga jẹ. Nígbà tó gbó, ohùn rẹ̀ há bí ti ọmọ tí ikọ́ ń ṣe. Mo pè é lórúkọ, ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ibi tí mo so ó mọ́ ló kú sí. Dókítà ẹran gé orí rẹ̀, ó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Mo ké, mo ní kí ni wọ́n fẹ́ fi orí òkú ajá ṣe. Ó ní orí náà ló máa sọ òótọ́. Wọ́n gbé e lọ, èsì dé. Dìgbòlugi ni.

Pósọ́fíìsì ti ní akólẹ́tà kankan kò ní í wọ òpópónà wa mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí tíṣà máa ń gbà nínú lẹ́tà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ gbà á ní kàǹtà pósọ́fíìsì báyìí, ó ń sinmi lórí gbogbo òkúta ọ̀nà. Wọ́n pe èmi náà lọ síbẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ni ajá. Mo kọ tìrẹ, ìwọ lo sáà rà á. Bí wọ́n bá wá bá ọ, kí wọn dáadáa.

Nọ́ọ̀sì sáré gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá Alágogo lọ́jọ́ tí èsì dé. Ó ní abẹ́rẹ́ ti tán nílé ìwòsàn ibí, ìlú ńlá ló kù sí, kí wọ́n tètè wá a, pé bí àrùn náà bá ti dé orí, kò sí abẹ́rẹ́ tó ń bá a. Mo padà lọ sílé wọn. O mọ̀ mí, n kì í bẹ ọmọdé. Mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n dìde, òun ní aṣọ láti fọ̀. Kò lé mi, kò sì fún mi ní àga. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mò ń lọ jókòó sí lójoojúmọ́. Lánàá, Alágogo ní ojú tí wọ́n rán ti jinná, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ń rìn òun bí èèrà, ọwọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lọ sọ fún nọ́ọ̀sì, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí ojú egbò tó bá ń yún ni èèyàn, ó ń san ni. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ tán ni, ó tún padà lọ fọ̀ ọ́.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí o ra abẹ́rẹ́ náà. Iyekíye tí owó rẹ̀ bá jẹ́, rà á. Nínú yìnyín ni kí o gbé e sí. Má fi í ránṣẹ́ ní pósọ́fíìsì, kò sí ẹni tó máa gbé e wá síbí. Awakọ̀ sìmẹ́ńtì tó mú ìwé yìí wá bá ọ ń padà bọ̀, fún un, tàbí kí o gbé e wá fúnra rẹ. Fi owó díẹ̀ sí i fún ìyàwó Alágogo, pósọ́fíìsì kì í san owó fún ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́. Òrùlé mi lè máa jò, n kò béèrè ìyẹn.

Nǹkan kan ló kù. Alágogo bi mí lánàá pé kí ni àkọ́bí mi sọ nínú lẹ́tà tí òun gbé wá lọ́jọ́sí. Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ti bo ìdajì rẹ̀. Ibi tí o ti ní ohun tí o fẹ́ sọ fún mi ni pé, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí nǹkan kan kà títí dé orúkọ rẹ. Mo parọ́ fún un, mo ní o kí i. Ó rẹ́rìn-ín ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan, ó ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Jọ̀ọ́, tún un kọ. Jẹ́ kó yára. Mo fẹ́ kà á sí i létí kó mọ ohun tó gbé wá fún mi, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ọ.

Ọlọ́run á dá ọ sí. Ilé tí wọ́n bá rán ọ sí, wọn á fi ẹ̀rín pàdé rẹ. Wàá jíṣẹ́, wàá sì padà délé bá àwọn ọmọ rẹ pẹ̀lú ojú tí o gbé jáde.

Èmi ni, ìyá rẹ.