Ọkùnrin Tó Dá Orin Orílẹ̀-Èdè Dúró Lẹ́ẹ̀marùn-ún: Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Cleophus Rainey Dabney (1954–2024)

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1954 ni a bí bàbá wa, Cleophus Rainey Dabney, ní ìlú Callis Ford ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà ní Amẹ́ríkà. Olóògbé Isom Dabney, agégẹdú, ni bàbá wọn. Olóògbé Luvenia Rainey, tó ń fi orin fọ aṣọ àwọn ẹlòmíràn, ni ìyá wọn. Bàbá wa ni ọmọ karùn-ún nínú méje. Ìyá wọn máa ń sọ pé ọmọ yìí nìkan ló máa ń bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n dákẹ́ kí òun lè gbọ́ òjò.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní Callis Ford ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹnu kan fèrè onídẹ. Fèrè náà ti tẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé ohùn rẹ̀ kò mọ̀ pé òun tẹ̀. Láti ọdún 1973 sí 1976, wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọmọ ogun, ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun sì ni wọ́n ti fọn fèrè jù. Ní ọdún 1979, wọ́n fẹ́ Verlene Stubbs, ìyá wa, ẹni tó ti kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀. Màmá ní kì í ṣe pé òun kò fẹ́ràn wọn, ó kàn jẹ́ pé bí òun bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa kùn orin lábẹ́ ọ̀rọ̀ òun. Wọ́n gba oyè nínú ìmọ̀ orin ní ọdún 1982.

Ní ọdún 1984, wọ́n gbé ẹgbẹ́ onífèrè ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wa lé wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni dúdú àti funfun ti ń pè wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí yunifásítì tó fi wọ́n jẹ ẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo nígbà tí orin ń lọ, wọn á fi ọ̀pá kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á sì sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Ọjọ́ kan wà tí wọ́n fi ìwé orin kan ṣoṣo lo gbogbo ọ̀sán, tí wọn kò sì dé ojú ìwé kejì. Wọ́n tún jẹ́ díákónì ní Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi Mount Nebo fún ọdún mọ́kànlélógún, àwọn ni wọ́n sì máa ń se ẹja fún àwọn arúgbó ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú ẹja náà.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ nípa ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ní ọdún náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá ń kúnlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà orin orílẹ̀-èdè, nítorí àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá ń pa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, oòrùn kò tíì wọ̀ tán lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, bí ẹgbẹ́ bàbá ṣe fẹ́ fọn orin náà, mẹ́fà nínú àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Bí fèrè ṣe dún ni igbe ta láti ibi ìjókòó òǹwòran.

“Ẹ dìde níbẹ̀, ẹ̀yin aláìmoore!”

“Ẹ padà síbi tí ẹ ti wá!”

Ibi tí àwọn ọmọ náà ti wá kò ju òpópónà mẹ́ta sí pápá náà lọ.

Bàbá fi ọ̀pá kan ìdúró ìwé orin lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo fèrè dákẹ́. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Igbe tún sọ, wọ́n tún dá orin dúró. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Royce Haskett tó ń ta oúnjẹ màlúù dìde. Bàbá fúnra wọn ló kọ́ ọ ní ìlù ní ọdún 1987, ọmọ rẹ̀ Delaney sì jókòó láàárín àwọn onífèrè nírọ̀lẹ́ yẹn.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ló dé? Ẹ kọ orin náà jàre!”

“Royce, ìwọ ni mò ń dúró dè. Tí o bá parí tìrẹ, a máa bẹ̀rẹ̀ tiwa.”

“Àwọn ọmọ yẹn ló ń tàbùkù sí orin!”

“Àwọn yẹn ò sọ nǹkan kan. Ohùn tìrẹ ni mò ń gbọ́.”

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Royce jókòó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, orin náà dé òpin nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ náà ti kúnlẹ̀ pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kú, àwọn méjì ló gbé e dìde.

Ìlú pín. Àwọn kan kò kí bàbá mọ́ ní ilé ìfowópamọ́. Àwọn tiwa náà kò dákẹ́. Arábìnrin Odessa Sykes, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kúnlẹ̀, dá wọn dúró lẹ́yìn ìsìn.

“Ó yẹ kí ẹ ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ tì wọ́n. Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?”

“Odessa, orúnkún yìí, tó bá lọ sílẹ̀, ìwọ lo máa wá gbé e dìde.”

Ṣùgbọ́n wọ́n sọ òótọ́ ọkàn wọn fún Màmá. Wọ́n ní àwọn kò lè kúnlẹ̀, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ ogun tí àwọn fọn fèrè sin lábẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè. Wọ́n tún ní ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn orin, kí ó dákẹ́ kí ó gbọ́ ọ.

Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọ ìwé àforíjì kan sílẹ̀ fún bàbá láti kà sí gbohùngbohùn ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Bí wọn kò bá kà á, ìgbìmọ̀ máa gba ẹgbẹ́ onífèrè lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì péré ló kù kí wọ́n pé ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti ń lá àlá ọjọ́ tí wọn yóò fa ẹgbẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

“Cleo, kà á,” ni Màmá wí. “Ìwé lásán ni. Ka nǹkan yìí kó o máa bọ̀ wálé.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, bàbá mú ìwé náà lọ sí ẹnu gbohùngbohùn ní pápá. Wọ́n wò ó, wọ́n ká a, wọ́n fi í sápò. “Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì pé mo dá orin dúró,” ni wọ́n wí. “Bí àwọn ọmọ mi bá ń fọn fèrè, tí ẹ sì ń pariwo, màá tún dá a dúró. Ẹ káalẹ́ o.”

Ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ onífèrè ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń kọ orin náà láti ìgbà yẹn. A kò ní purọ́ fún yín: ó dùn wọ́n dé egungun. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọn á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á kọ ojú sí ìhà pápá, wọn kò sì ní jẹun. Wọn kò gba ẹgbẹ́ náà padà títí wọ́n fi lọ.

Ọmọ Royce Haskett ló kọ́kọ́ wá bá bàbá nílé. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá ni, Delaney gbé fèrè rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ṣì fẹ́ kọ́ṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ló wà á wá. Kò sọ̀kalẹ̀. Wákàtí kan gbáko ló fi jókòó sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ níwájú ilé wa, ó sì ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ pa. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti ń ṣí fèrèsé náà díẹ̀. Nígbà tí òdòdó yọ, ó ti ṣí i tán, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó ń fi ìka lu ara ọkọ̀. Bàbá rí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀lé Delaney, títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò fi gbà wọ́n mọ́. Ọdún mẹ́fà ni Royce fi ń gbé ọmọ wá, Delaney àti àbúrò rẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn wa rí.

Àárọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni bàbá wa sùn nínú Olúwa. Aya wọn, Verlene, gbẹ̀yìn wọn. Àwọn ọmọ wọn, Renita àti Lemuel. Àbúrò wọn, Zenobia. Àwọn ọmọ-ọmọ, Amaris, Josiah, Corinne àti Nyla. Àti àwọn ọmọ onífèrè tí a kò lè kà tán.

Royce Haskett pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bi Renita bóyá òun lè gbé ọkọ̀ òun sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ gbé e síbẹ̀,” ni Renita wí, “ṣùgbọ́n ẹ sọ̀kalẹ̀ o.”

Ó ní, “Màá wò ó.”

A ti fi àyè kan sílẹ̀ fún un ní ìjókòó kejì, lápá òsì. Bí ẹ bá rí i pé ó ṣófo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí títí ìsìn yóò fi parí.

Bàbá rere, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ fara balẹ̀ gbà yín, kí Olúwa di ọwọ́ Màmá wa mú, kí òwúrọ̀ àjíǹde sì bá gbogbo wa láyọ̀.