Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Gbóná

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló pààrọ̀ bẹ́rìn, irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí, ní ẹsẹ̀ iwájú tòsì pikọ́ọ̀pù wa lánàá. Nígbà tí ọkọ mi ti Ìmọ̀ta dé lónìí, mò ń fọ ẹrẹ̀ ara táyà, rímù tòsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́. Tọ̀tún ò gbóná. Bóyá Bọ̀dá de bẹ́rìn náà le jù.

Ìrẹsì ni ọkọ mi máa fi ọkọ̀ náà kó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá lọ yọ lójú ọ̀nà ńkọ́...

Ṣùgbọ́n èmi ìyàwó tuntun, kí n ní iṣẹ́ Bọ̀dá ò dáa?

Mo rọra sọ ọ́ fún ọkọ mi ní yàrá. Ó rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó mi ti di mẹkáníìkì.” Síbẹ̀ ó lọ pe Bọ̀dá.

Mò ń gbọ́ wọn níta báyìí. Bọ̀dá ló ń bèèrè:

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń gbóná?”

“Èmi ni mo fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú u.”