Ìlà Èédú Lára Ògiri Kíláàsì Kejì

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Bélú
Ọ̀dà dé lórí ìbaaka láti ìsàlẹ̀ òkè. Garawa mẹ́ta, funfun báláú. Oṣù kẹjọ mi rèé tí mo ti wá ń ṣe tíṣà ní abúlé ilẹ̀ òkèèrè yìí, mi ò tíì ṣe ohun kan tó máa dúró lẹ́yìn mi. Mo sọ fún Ọ̀gá Fìlà — ọ̀gá ilé-ìwé wa, fìlà rẹ̀ kì í kúrò lórí — pé kíláàsì kejì ni màá kọ́kọ́ kùn. Ó wo ògiri títí. Ó ní, "Ó dáa, Míìsì. Ẹ ṣeun. Ẹ mu tíì."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Bélú
Kò sí ilé-ìwé; Àbámẹ́ta nìkan ni ọjọ́ ìsinmi níbí. A kùn ún tán kí oòrùn tó wọ̀, èmi àtàwọn ọmọ. Ìdọ̀tí, ojú ọwọ́, àwọn ìlà èédú jágbajàgba lẹ́bàá ilẹ̀kùn — gbogbo rẹ̀ lọ ráúráú. Bimala nìkan ni kò bá wa ṣe é. Ó ní inú ń run òun. Ọ̀lẹ!

Ọjọ́ Àìkú, 10 Bélú
Ìyá Koríko gba ilé-ìwé kọjá bó ṣe ń ṣe láràárọ̀, apẹ̀rẹ̀ koríko ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. (Suntali lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Koríko.) Ó máa ń dúró, á nawọ́ wọ inú kíláàsì kejì, á fọwọ́ kan ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn, á lọ. Mo ti rò pé ó ń sinmi ni. Lónìí ó gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́ ò kan nǹkan kan. Ó ní, "Ó mà funfun o." Ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Bélú
Ìyá Koríko ò wá. Kò wá lánàá náà.

Ọjọ́rú, 13 Bélú
Mo bi Ọ̀gá Fìlà. "Kò sí nǹkan kan, Míìsì." Mo bi Bimala. Ẹkún ló bú sí.

Ọjọ́bọ̀, 14 Bélú
Maili, ìyá tí mò ń gbé nílé rẹ̀, ló sọ ọ́, níbi tá a ti ń pa ọkà. Kò gbójú sókè. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń mú àwọn ọmọ kíláàsì kejì dúró ti ògiri, wọ́n á fi èédú fa ìlà síbi tí orí wọn ga dé. Lójò ọdún kejì sẹ́yìn, òkè ya, ó bo ilé Suntali. Rasmi ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ Bimala, aṣọ, fọ́tò — ilẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìlà Rasmi lára ògiri nìkan ló kù.

Mo pariwo mọ́ ọn: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró? Ó ní, "Àlejò ni ẹ́. Ta ló máa di àlejò lọ́wọ́ mú nídìí oore? Ojú ń tì wá, ọmọ mi. Jẹun."

Mo ti àwo oúnjẹ tó gbé síwájú mi sẹ́yìn. Oore tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí ni mo ṣe, mo tún ń retí àtẹ́wọ́. Bimala, mo sì pè é ní ọ̀lẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Bélú
Mo fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà náà. Èédú bá a bọ́. Amọ̀ ni mo rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Bélú
Mo lọ bá Suntali níbi ewúrẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. Ó ń wo orí mi. "Dìde, ìwọ ọmọ yìí. Orí ìgbẹ́ ewúrẹ́ lo kúnlẹ̀ sí." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó kàn ní, "Wá èédú sílẹ̀ dè mí lọ́la."

Ọjọ́ Àìkú, 17 Bélú
Ó wá. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ kíláàsì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ògiri. Bimala sún mọ́ ọn. "Ìyá àgbà, ibẹ̀ yẹn ti ga jù. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló wà."

Suntali ò gbọ́wọ́ kúrò. "Ọdún méjì ńkọ́? Ṣé ìwọ ò ga sí i ni?"

Ibẹ̀ ni mo fa ìlà sí. Mo kọ Rasmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bi mí bóyá ọ̀dà ṣì kù. Mo ní garawa kan. Ó ní, "Má gbé e lọ tó o bá ń lọ. Lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀, wọn á tún ògiri kùn, ìlà rẹ̀ á tún ga sí i."

Mo ti dé garawa náà pinpin. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.